Kóńgò Kan Náà fún Bíbélì àti Kùránì

Ní ọjà Òkè Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó mọ ọjà ná nínú àwọn tó wá ra gàrí kì í kọ́kọ́ wo gàrí, kóńgò ló máa ń wò. Yóò yí i dojú dé, yóò fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, nítorí kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú tètè máa ń kún, owó rẹ̀ kì í sì í dín. Bíbélì mọ irú kóńgò bẹ́ẹ̀: Deutarónómì 25:13-15 ní kí ènìyàn má ṣe kó ìwọ̀n ńlá àti ìwọ̀n kékeré sínú àpò kan. Kùránì náà mọ̀ ọ́n: ègbé ni Súrà 83 fi bẹ̀rẹ̀, lórí àwọn tó ń gba òṣùwọ̀n ní kíkún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tó bá kàn wọ́n láti wọ̀n fúnni.

Ẹ̀sìn méjèèjì tàn kíákíá ní Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892. Títí di òní, ilé tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ Àlàájì tí àbúrò jẹ́ pásítọ̀ pọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìpẹru. À ń jọ jẹ ẹran Iléyá, à ń jọ jẹ ìrẹsì Kérésì, à ń jọ dáṣọ Ojúde Ọba. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé, kóńgò méjì ló wà nílé. Kìrìstẹ́nì tí kò ka Kíróníkà rí á ti há ẹsẹ Kùránì mẹ́ta tó takora sórí. Mùsùlùmí tí kò mọ̀ pé ọ̀nà kíka Kùránì ju ẹyọ kan lọ á mọ iye ìgbà tí wọ́n ti tún Bíbélì ṣe. Fóònù wá gbé ẹlòmíràn wọlé báyìí: oníyèméjì tí kò gba ìwé kankan gbọ́, tó kọ àléébù méjèèjì sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń fi ránṣẹ́ sí ojú ìwé ẹbí lórí WhatsApp. Àwọn àgbà á ní kí ó pa á rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á gbà á gbọ́ láìṣí ìwé wò. Àwọn méjèèjì ni kò ka ohunkóhun.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe lè kà á.

Èyí tó gbajúmọ̀ nínú ohun èlò àwọn oníyèméjì ni ìwé mímọ́ tí wọ́n kọ àlàyé sí etí rẹ̀, irú Skeptic's Annotated Bible tí Steve Wells ṣe. Odindi Bíbélì King James ló wà níbẹ̀, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, àwọn àwòrán kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ: ọ̀kan fún ìtakora, ọ̀kan fún ìwà ìkà, ọ̀kan fún ohun tí sáyẹ́ǹsì kò gbà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe ti Kùránì náà. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ó ń fipá mú ènìyàn ka ibi tí a máa ń fò. Ìwàásù wa a máa ti Sáàmù bọ́ sí Jòhánù, a tún padà sí Sáàmù. Ta ló ń ka Númérì 31, ìtàn ogun Mídíánì, sí etí ìjọ?

Ṣùgbọ́n kóńgò tiwọn náà ní ibi tó ti wọnú. Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 ni wọ́n ń lò, nítorí náà ohun tí wọ́n pè ní àṣìṣe Bíbélì máa ń jẹ́ àṣìṣe atúmọ̀ nígbà mìíràn. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gé mú, wọn a sì fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ohun gbogbo jẹ́ nínú ìṣirò wọn: nọ́mbà tí akọ̀wé ṣì kọ jẹ́ ọ̀kan, àṣẹ pé kí wọ́n pa ọmọ ọmú jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ka iye ìtakora bí ẹni ń ka owó kò ní mọ èyí tó wúwo nínú wọn.

Ohun tí iṣẹ́ náà gbà kò wọ́n. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 80. Ẹ gba Bíbélì Yorùbá sórí fóònù láti YouVersion, kí ẹ sì fi pamọ́ síbẹ̀ kí ó má baà máa jẹ dátà. Fún ọ̀rọ̀ Hébérù àti Gíríìkì tó wà lábẹ́ ìtumọ̀, Bible Hub tó ẹ. Fún Kùránì, quran.com ní ìtumọ̀ Yorùbá, corpus.quran.com tó ti Yunifásítì Leeds jáde sì ń tú èdè Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín ojú-ewé sí òpó mẹ́rin: ẹsẹ náà; ẹ̀sùn tí oníyèméjì fi kàn án, ní ẹnu ara yín; ohun tí ẹsẹ náà sọ lẹ́yìn tí ẹ ti ka odindi orí rẹ̀; ohun tó ṣẹ́kù tí kò tíì yé yín. Ẹ má ṣe kọ nǹkan kan sí òpó kẹrin lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ sùn lé e lórí. Ẹsẹ méjì ní alẹ́ kan ti tó, ẹni tó bá ń ṣe ogún kò kà wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú Bíbélì Mímọ́ lórí fóònù, nítorí àkọtọ́ àtijọ́ ló wà níbẹ̀. “Nwọn” ni wọ́n kọ, kì í ṣe “wọ́n”. “Enia” ni, kì í ṣe “ènìyàn”. “Aiye” ni, kì í ṣe “ayé”. Ẹni tó tẹ “ènìyàn” tí fóònù ní kò sí, tó wá ń pariwo pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Bíbélì, àkọtọ́ ló ṣì í lọ́nà. Nọ́mbà ẹsẹ náà máa ń yẹ̀. Ìwé Málákì ní orí 4 nínú tiwa, orí 3 ni nínú ti Hébérù. Àkọlé Sáàmù tí a kì í fún ní nọ́mbà máa ń jẹ́ ẹsẹ kìíní lọ́dọ̀ àwọn Júù. Kí ẹ tó sọ pé oníyèméjì parọ́ pé ẹsẹ kan wà, ẹ wo ẹsẹ kan sókè àti ẹsẹ kan sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká tú u dé ìdí: ìkànìyàn Dáfídì. Sámúẹ́lì Kejì 24 àti Kíróníkà Kìn-ín-ní 21 ló sọ ọ́. Ẹ ṣí ọ̀kan sínú Bíbélì tó wà lórí tábìlì, ẹ ṣí ìkejì sórí fóònù, kí ẹ má baà máa ṣí síwá sẹ́yìn títí ojú yóò fi wọ́. Ẹ kọ́kọ́ ka méjèèjì tán láìdúró, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tò wọ́n ní ẹsẹ sí ẹsẹ.

Ẹsẹ kìíní pàápàá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Sámúẹ́lì, ìbínú Olúwa ló ru, òun ló sì ti Dáfídì pé kí ó lọ ka Ísírẹ́lì. Nínú Kíróníkà, Sátánì ló tì í. Iye ọkùnrin tó lè fa idà yọ jẹ́ 800,000 ní Ísírẹ́lì àti 500,000 ní Júdà lọ́dọ̀ Sámúẹ́lì. 1,100,000 àti 470,000 ni lọ́dọ̀ Kíróníkà. Ìyàn tí Gádì aríran fi lọ ọba jẹ́ ọdún 7 níhìn-ín, ọdún 3 lọ́hùn-ún. Àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa jẹ́ 70,000 nínú méjèèjì. Ẹni tó ni ilẹ̀ ìpakà tí Dáfídì rà ń jẹ́ Arauna nínú ọ̀kan, Ornani nínú ìkejì. Ṣékélì fàdákà 50 ni Sámúẹ́lì pe owó rẹ̀, ṣékélì wúrà 600 ni Kíróníkà pè é. Ṣékélì kan lé díẹ̀ ní gíráàmù 11, nítorí náà ọ̀kan lé díẹ̀ ní ìdajì kílò fàdákà, ìkejì sì ju kílò 6 wúrà lọ.

Ibí ni oníyèméjì máa ń dúró sí tí á kọ “ìtakora márùn-ún”, ibí náà ni onígbàgbọ́ máa ń ti ìwé pa. Àmọ́ márààrún kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Orúkọ méjèèjì, orúkọ kan ni lẹ́nu oríṣìí akọ̀wé méjì. Ẹ pa á rẹ́. Ti owó, àwọn onígbàgbọ́ ní èsì kan: ilẹ̀ ìpakà àti màlúù ni Sámúẹ́lì sọ pé Dáfídì fi fàdákà rà, gbogbo agbègbè náà ni Kíróníkà ń sọ. Ẹ ka Sámúẹ́lì Kejì 24:24 àti Kíróníkà Kìn-ín-ní 21:25, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ méjèèjì fara mọ́ èsì náà díẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn hùmọ̀ rẹ̀. Ti ìyàn, ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Septuagint kọ ọdún 3 sínú Sámúẹ́lì pàápàá, nítorí náà ó lè jẹ́ pé akọ̀wé Hébérù kan ló ṣì í kọ, ó sì lè jẹ́ pé atúmọ̀ Gíríìkì ló ń tún un ṣe kí ó lè bá Kíróníkà mu. Ti iye ọmọ ogun kò ní èsì nínú ìwé náà. Kíróníkà tilẹ̀ ní Jóábù kò ka Léfì àti Bẹ́ńjámínì, síbẹ̀ òun ni àpapọ̀ tirẹ̀ pọ̀ jù.

Ti ẹsẹ kìíní ló jinlẹ̀ jù. Kò sí akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣèèṣì yọ̀ láti “Olúwa” lọ sí “Sátánì”. Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà. Ta ni? Ẹ ṣí òpin Kíróníkà Kejì, 36:22-23: Kírúsì ọba Páṣíà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ Kírúsì sílẹ̀ gbé láyé lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Dáfídì. Ìtàn Sámúẹ́lì ti wà níwájú rẹ̀ kó tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè tí oníyèméjì òde òní ń béèrè ni òun náà béèrè: ṣé Ọlọ́run á ti ènìyàn sínú ẹ̀ṣẹ̀ kan, á tún wá fi ikú 70,000 ènìyàn jẹ ẹ́ níyà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà? Kò lè gbà á, ó sì kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀. Bíbélì tọ́jú àwọn méjèèjì fún wa. Ẹni tó bá sọ pé “Ọlọ́run gba Sátánì láàyè ni” ti ran ìwé méjì pọ̀ pẹ̀lú òwú tí kò sí nínú ìkankan nínú wọn, ó sì ti pàdánù àríyànjiyàn tó níyì jù nínú orí náà.

Ẹ gbé kóńgò yẹn lọ sí Kùránì. Súrà 7:54 ní ọjọ́ 6 ni Ọlọ́run fi dá sánmà àti ilẹ̀. Súrà 41:9-12 ní ọjọ́ 2 fún ilẹ̀, ọjọ́ 4 fún àwọn òkè àti oúnjẹ inú rẹ̀, ọjọ́ 2 fún sánmà méje. Oníyèméjì ro ó pọ̀, ó ní 8. Èsì àwọn onítáfúsírì, àwọn tó ń ṣàlàyé Kùránì, láti ayébáyé ni pé ọjọ́ 2 àkọ́kọ́ wà nínú ọjọ́ 4 náà. Bí awakọ̀ bá ní “Láti Ìjẹ̀bú-Òde, wákàtí kan ni mo fi dé Ṣágámù, wákàtí mẹ́ta ni mo fi dé Èkó,” kò sí ẹni tí á rò ó sí mẹ́rin. Èsì náà dára, èdè ènìyàn gbà á. Àmọ́ Mùsùlùmí tó bá gbà á gbọ́dọ̀ gbà pé kí Kìrìstẹ́nì náà sọ pé owó ilẹ̀ ìpakà wà nínú owó gbogbo agbègbè. Kìrìstẹ́nì tó bá fi ọjọ́ 8 rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ ṣí Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí ẹranko ti ṣáájú ènìyàn ní orí 1 (ẹsẹ 24 sí 27), tí ọkùnrin sì ṣáájú ẹranko ní orí 2 (ẹsẹ 7 àti 19). Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n fi ń pe Ẹlẹ́dàá ní orí méjèèjì, ó hàn nínú Yorùbá wa kedere: “Ọlọ́run” ní orí 1, “Olúwa Ọlọ́run” láti 2:4 lọ. Ìyípadà orúkọ yẹn wà lára ohun tó mú àwọn onímọ̀ sọ pé ọwọ́ tó kọ ìtàn méjèèjì yàtọ̀.

Ẹ̀ka kan tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ rárá, bóyá ẹsẹ náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. Máàkù 16:17-18 ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa fi ń kọ́ni nípa fífi èdè titun sọ̀rọ̀, mímú ejò lọ́wọ́, àti mímu májèlé láìkú. Ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì méjì tó lọ́jọ́ lórí jù tó ní odindi Máàkù ni Codex Vaticanus àti Codex Sinaiticus, ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Nínú méjèèjì, Máàkù parí sí 16:8, níbi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò níbi ibojì nítorí ẹ̀rù. Ẹ lè fi ojú yín rí i: Sinaiticus ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2009. Ẹ wá Máàkù 16 níbẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ tán sí nínú òpó, tí àyè òfìfo sì tẹ̀ lé e. Ìdá kejì ọ̀rọ̀ nìyí, èyí tí àwọn oníyèméjì kì í sábà sọ: Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, ti mẹ́nu ba Máàkù 16:19 ní nǹkan bí ọdún 180, nítorí náà àfikún náà ti pẹ́ gan-an, kì í ṣe ẹ̀tàn tí ẹnì kan hùmọ̀ lánàá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé kì í ṣe Máàkù ló kọ ọ́. Ènìyàn lè gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìwé lásán, nítorí ẹ̀mí ti bá a lọ. Ní Amẹ́ríkà, George Went Hensley, tó sọ mímú ejò di ara ìsìn nítorí ẹsẹ yìí, kú ní 1955 lẹ́yìn tí ejò bù ú ṣán.

Ẹ ṣe irú àyẹ̀wò kan náà sí 1 Jòhánù 5:7. King James ní Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ń jẹ́rìí ní ọ̀run, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọ̀kan. Erasmus, onímọ̀ Gíríìkì ní Yúróòpù, kò rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé Gíríìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó tẹ Májẹ̀mú Titun ní 1516 àti 1519. Ìtẹ̀jáde 1522 ló fi í sí. Ẹ wo ohun tó wà nínú Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ kọ ọ́ sí òpó kẹta.

Àwọn tó bá ń fi èyí dẹ́rùba Kìrìstẹ́nì ní mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n rọra. Kùránì tí ọ̀pọ̀ ń rà ní ọjà lónìí jẹ́ ti Hafs, ìlànà kíka Kùránì tí wọ́n fi tẹ ìtẹ̀jáde Cairo ti 1924. Ìlànà Warsh ló gbilẹ̀ ní Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú Fátíhà tí gbogbo ọmọ ilé kéwú mọ̀, Hafs ka “māliki”, ẹni tó ni ọjọ́ ẹ̀san. Warsh ka “maliki”, Ọba ọjọ́ ẹ̀san. Ẹsẹ 4 ni lọ́dọ̀ Hafs, ẹsẹ 3 ni lọ́dọ̀ Warsh, nítorí Warsh kò ka Bísímílà mọ́ nọ́mbà. Àpapọ̀ ẹsẹ jẹ́ 6,236 lọ́dọ̀ ọ̀kan, 6,214 lọ́dọ̀ ìkejì, nítorí ibi tí wọ́n ti ń parí ẹsẹ yàtọ̀, kì í ṣe pé ẹsẹ kan sọnù. Ní Súrà 2:184, lórí sàárà ẹni tí kò lè gba ààwẹ̀, oúnjẹ “tálákà kan” ni Hafs, “àwọn tálákà” ni Warsh. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kò fi èyí pa mọ́ rí. Ibn Mujahid, tó kú ní 936, kọ ìwé lórí ọ̀nà kíkà méje tó fọwọ́ sí. Àwa tí a ń sọ pé àmì kan kò yàtọ̀ níbikíbi láyé ni a sọ ju ohun tí wọ́n sọ lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tó fi hàn bí ìhà méjèèjì ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ya. Ní 2015, Yunifásítì Birmingham kéde pé wọ́n ti yẹ ewé awọ méjì tí wọ́n kọ Kùránì sí wò, àyẹ̀wò káábọ́ọ̀nù sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín 568 àti 645. Àwọn kan ní ó ti fìdí odindi Kùránì múlẹ̀: ewé méjì péré ni. Àwọn kan ní ó fi hàn pé Kùránì ti wà ṣáájú Ànábì: awọ ẹran ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́, ọjọ́ tí ẹran náà kú kọ́ sì ni ọjọ́ tí akọ̀wé fọwọ́ kàn án.

Àwọn oníyèméjì náà ń tan irọ́ kálẹ̀, ẹ má ṣe gba tiwọn láìwò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ni pé ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 325 ni Constantine ọba Róòmù ti yan ìwé tó wọ inú Bíbélì. Ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà tó ń kọ́ni pé Ọmọ kò dọ́gba pẹ̀lú Baba, àti ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n lọ yanjú níbẹ̀. Yíyan ìwé kò sí nínú òfin tí wọ́n ṣe. Lẹ́tà Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, ní 367 ni a ti kọ́kọ́ rí ìwé 27 Májẹ̀mú Titun gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní wọn lónìí.

Ibì kan wà tí ohun èlò Gẹ̀ẹ́sì kò ti lè ràn wá lọ́wọ́ rárá, etí ìwé Yorùbá ni. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, Àjàyí Crowther ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu Mùsùlùmí Yorùbá ni àwọn atúmọ̀ yá: àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, àlàáfíà. “Wòlíì” wá láti inú walī ti Lárúbáwá, ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́run. Nabī ni Lárúbáwá ń pe irú ẹni tí Bíbélì wa ń pè ní wòlíì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí wà lẹ́nu pásítọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ó sì yẹ ká gbé Èṣù yẹ̀ wò gidigidi. Jákọ́bù 4:7 ní ká kọ ojú ìjà sí Èṣù. Diabolos ló wà nínú Gíríìkì, abanijẹ́. Èṣù Ọ̀dàrà inú Ifá ń gbé ẹbọ lọ sí ọ̀run, ó ń ṣọ́ ìkóríta, kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìtumọ̀ ló sọ olùṣọ́ ẹbọ àwọn baba wa di baba gbogbo ibi, títí ọmọ ọmọ wọn kò fi lè dárúkọ rẹ̀ láìgbọ̀n. Kò sí oníyèméjì Amẹ́ríkà tó máa fi àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ yẹn. Àwa ló yẹ kó kọ ọ́ síbẹ̀.

“Wúńdíá” inú Aísáyà 7:14 náà rí bẹ́ẹ̀. Almah ni Hébérù, ọ̀dọ́mọbìnrin. Parthenos, “wúńdíá” ní Gíríìkì, tó wà nínú Septuagint ni Mátíù 1:23 gbé lò. Ìgbà 7 ni almah jáde nínú Májẹ̀mú Láéláé. Ẹ ka méjèèje fúnra yín, ó lé díẹ̀ ní ìdajì wákàtí: Jẹ́nẹ́sísì 24:43, Ẹ́kísódù 2:8, Sáàmù 68:25, Òwe 30:19, Orin Sólómọ́nì 1:3 àti 6:8, àti Aísáyà. Kí ẹ sì ka Aísáyà 7 dé ẹsẹ 16, kí ẹ rí ọba Áhásì àti àwọn ọba méjì tó ń dẹ́rù bà á.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn ẹsẹ kan yóò kù tí atúmọ̀-èdè kò lè yanjú. 1 Sámúẹ́lì 15:3 ní kí wọ́n pa ọmọ ọmú. Súrà 4:34 mẹ́nu ba kí ọkọ na ìyàwó, ìdásí àwọn onítáfúsírì lórí rẹ̀ kò sì lópin. Léfítíkù 25:44-46 ní kí Ísírẹ́lì ra ẹrú lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká, kí wọ́n fi wọ́n ṣe ogún fún ọmọ wọn. Àjàyí Crowther, ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ tó mú ọ̀rọ̀ yẹn wọ Yorùbá, àwọn akónilẹ́rú kó o ní Òṣogùn ní 1821 nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ìjẹ̀bú náà wà lójú ọ̀nà òwò yẹn, a sì jẹ níbẹ̀. Ó yẹ kí a lè ka ẹsẹ mẹ́ta yìí sókè nínú ìjọ láìsáré kọjá, kí a dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé “ayé ìgbà yẹn ni” fún Bíbélì, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ náà nígbà tó bá kan Kùránì. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ fún ọ̀kan, kó má sọ ọ́ fún ìkejì.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Tai Solarin, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, tó sì sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ìlú kò lé e. Ilẹ̀ yìí gba irú ìbéèrè yìí rí, kò sì wó.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà béèrè ló kù. Ẹ má ṣe béèrè níwájú ìjọ tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nígbà tí èrò pọ̀. Ẹ lọ bá àlùfáà tàbí ààfáà nílé, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìwé tiwọn lọ́wọ́, kì í ṣe fóònù, nítorí fóònù máa ń jọ ẹjọ́ tí ẹ ti dá tán. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, orí yìí ni mò ń kà, ibi báyìí kò yé mi,” kí ẹ sì ka ẹsẹ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ orí. Ẹ mú ẹyọ kan lọ, ẹ má ṣe mú márùn-ún. Bí wọ́n bá fún yín ní èsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ní “Jẹ́ kí n lọ wò ó”, ẹ kọ ọjọ́ náà sí òpó kẹrin, kí ẹ sì padà lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.